Ẹni Tó Kọ́kọ́ Mú Àwo

Bàálù ti já, kò sì sí ẹni tó kú.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bàálù tí kò lápá, tí kò nírù ni. Àpótí funfun ńlá kan báyìí ni, ó ga tó ilé, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin nínú gbọ̀ngàn kan, ó sì ń mì jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Sìmúlétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ ni àwọn páílọ́ọ̀tì ti ń kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ti ń dán ẹni tó ń wáṣẹ́ wò. Gbogbo ohun tó wà níwájú bàálù gidi ló wà níbẹ̀, àfi ikú.

Nígbà tí olùdánwò tó jókòó lẹ́yìn tanná, ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ṣì ń pariwo pé kí wọ́n fà á sókè, kí wọ́n fà á sókè. Ta ni yóò fà á? Ọkùnrin tó wà ní ìjókòó ọ̀tún ti sùn lọ. Àgbọ̀n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jọwọrọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ọkùnrin tó wà ní ìjókòó òsì, ìyẹn ìjókòó ọ̀gá, tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀, kò sì fi kan nǹkan kan.

Ọwọ́ tí kò kan nǹkan kan yẹn ló kọ́kọ́ mú àwọn èèyàn fura.

Ẹni tó sùn yẹn, ìlà wúrà mẹ́rin ló wà léjìká rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tó ti kúrò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìlà-Mẹ́rin. Ẹni tó ń wò ó, igbákejì rẹ̀ ni látijọ́, Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pe tiẹ̀. Ayé yí. Ẹlẹ́ja ṣáájú ọ̀gá rẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ tuntun yìí, ó ti di kápítéènì níbẹ̀, Ìlà-Mẹ́rin ló wá ń wáṣẹ́ igbákejì lábẹ́ ẹni tó máa ń bá a gbé báàgì tẹ́lẹ̀.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ Ìlà-Mẹ́rin wò, egbòogi oorun ló bá níbẹ̀. Ni ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá.

*

Obìnrin kúkúrú kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Kì í yára rìn, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Bí gbogbo èèyàn bá ti palẹ̀ mọ́ pé ẹjọ́ ti parí, òun á gbé ìka kan sókè, á ní, “Ó ku kan.” Àwọn olè ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Màmá Ó-Ku-Kan, kí àwọn ọlọ́pàá tó gbà á lẹ́nu wọn. Sájẹ́ǹtì tó ń bá a rìn kò jọ ọ́ rárá. Kí ọkùnrin yẹn tó wọlé, ó ti mú ẹni tó máa tì mọ́lé lọ́kàn.

Olùdánwò mú wọn wọ yàrá kékeré tí àwọn páílọ́ọ̀tì ti ń jẹun. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, fúláàsì tíì kan, abọ́ méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì: àwọ̀ kan náà, ọmọrí kan náà, kò sí àmì lára èyíkéyìí nínú wọn. Egungun ẹran ló kù nínú ọ̀kan. Ààbọ̀ ẹja lórí ìrẹsì ló kù nínú èkejì.

“Ta ló se oúnjẹ yìí?” Màmá béèrè.

“Ìyàwó Ìlà-Mẹ́rin ni. Ọkọ ló gbé e wá láàárọ̀. Ó gbé e kalẹ̀ síbí, èmi àti ẹ̀ bọ́ sí ọ́fíìsì lọ fọwọ́ sí ìwé. Ẹlẹ́ja nìkan la fi sílẹ̀ níbí.”

“Hẹ̀n-ẹ́n!” Sájẹ́ǹtì fọwọ́ lu itan. “Ẹlẹ́ja nìkan!”

“Tíì ńkọ́?” ni Màmá wí, bí ẹni tí kò gbọ́.

“Èmi ni mo pò ó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mu ún, inú fúláàsì kan náà, olúkúlùkù ló da tiẹ̀ fúnra rẹ̀.”

“Mẹ́ta mu, ẹyọ kan sùn. Tíì ti jàre ẹjọ́ tiẹ̀.” Màmá yí ọmọrí abọ́ lọ́wọ́. “Kí ló dé tí ọ̀kan fi jẹ́ ẹran, tí èkejì fi jẹ́ ẹja? Ṣé ìyàwó wọn ò mọ bí a ṣe ń pín ẹran sí méjì ni?”

Olùdánwò rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó mọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni. Páílọ́ọ̀tì méjì kì í jẹ oúnjẹ kan náà, Màmá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kó má baà dá àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀. Ọ̀gá á mú èyí tó wù ú, igbákejì á jẹ èyí tó kù.”

“Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin tó sùn?”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu olùdánwò. “Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló lo egbòogi náà, wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Kò ní fò mọ́ títí ayé. Ọ̀gá àgbà wa fẹ́ mọ òótọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, torí wọ́n ti fẹ́ pe ẹni tó kàn.”

Àbọ̀ ìwádìí dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Abọ́ ẹran mọ́ tónítóní. Inú abọ́ ẹja ni egbòogi oorun wà.

*

Ìlà-Mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó fi pílò sẹ́yìn, ó na ẹ̀yìn gbọọrọ bí ẹni tó ṣì wà nídìí ọkọ̀.

“Ṣé ẹ máa ń lo egbòogi oorun, sà?”

“Rárá o. Ìyàwó mi ló ń lò ó. Láti ìgbà tí mo ti ń wáṣẹ́ kiri ni oorun ti kọ ojú ẹ̀.”

Sájẹ́ǹtì fò mọ́ ọn. “Ó wà nílé, àbí? Àyà yín ń já fún ìdánwò, ẹ bu ẹyọ kan jẹ kí ara balẹ̀.”

“Ọmọ mi, ta ni í jẹ egbòogi oorun lọ síbi tí wọ́n ti ní kó má ṣe sùn?”

Sájẹ́ǹtì fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. Màmá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ sọ fún mi, kí ni kápítéènì ń wá ní ìjókòó igbákejì?”

Ọkùnrin náà wo àjà. “Màmá, ìṣọwọ́-gbani-síṣẹ́ àwa páílọ́ọ̀tì yìí, ẹni tó bá kó sí i ló mọ̀. Àwọn tibí ní kí n kọ́kọ́ fiṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ kí àwọn tó yẹ ìwé mi wò. Mo fi í sílẹ̀. Wọ́n wá ní kí n máa retí. Mo retí títí, mo bá kọ̀wé sáwọn ẹlòmíràn. Àwọn kan ní irú bàálù tí mo wà kọ́ ni tàwọn. Àwọn kan ní mo ti pẹ́ jù nípò ọ̀gá, pé ẹni tó ti ń pàṣẹ kò ní lè gbàṣẹ. Àwọn tó kẹ́yìn ní ó ti pẹ́ tí mo ti fò. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni n ó ti fò nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà mí? Wọ́n ní kí n lọ kọ́ ìwẹ̀ wá kí n tó dé odò!”

“Tí ẹ bá padà síbi tí ẹ ti kúrò ńkọ́?”

“Ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Ibí náà, ìsàlẹ̀ ni. Ọjọ́ tí o wọlé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ohun tí o mú wọlé. Gbogbo ọdún tí mo fi fò, ẹnu ọ̀nà ni mo bọ́ ọ sí bíi bàtà.” Ó mí kanlẹ̀. “Bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ sẹ́ni tí wọ́n ń pè níbí bí ará inú ilé kan kò bá gbẹnu sọ fún un. Lójijì ni wọ́n pè mí. Títí dòní n kò mọ ẹni náà.”

“Ẹja lẹ jẹ?”

“Ẹja ni.”

“Ẹ fẹ́ràn ẹja?”

Ó yíjú sí fèrèsé. “N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó kù ni mo jẹ.”

Ní kọ́rídọ̀, Sájẹ́ǹtì ti ń ka ẹ̀sùn sórí ìka. “Ọ̀gá mi, ó ti tán. Ẹlẹ́ja nìkan ló wà pẹ̀lú oúnjẹ. Ó bu egbòogi sí ẹja, ó sáré mú ẹran. Nígbà tí ọ̀gá ń sùn, ó káwọ́ gbera. Ẹ jẹ́ ká lọ mú un.”

“Ó ku kan,” ni Màmá wí. “A ò tíì kí alásè.”

*

Pálọ̀ ìyàwó Ìlà-Mẹ́rin mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Sájẹ́ǹtì fi ń fi ẹ̀gbẹ́ bàtà rìn. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́ wà lára ògiri nínú ọ̀rá, ìlà wúrà mẹ́rin sì ń dán léjìká rẹ̀. Obìnrin náà ti sunkún sunkún, ojú rẹ̀ ti wú.

“Aṣọ kápítéènì wọn rèé, àbí?” ni Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ́ aṣọ náà. “Aṣọ gidi.”

Obìnrin náà fi omijé rẹ́rìn-ín. “Bàbá wọn! Ẹ ò tíì rí nǹkan. Kì í jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kankan láyé yìí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ló jókòó sí. Èmi ìyàwó nìkan ni mo wà lẹ́yìn bí ẹrù.”

“Irú wọn ṣòro láti rẹ̀ sílẹ̀.”

“Ó ṣòro, Màmá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n wá fi ṣe olórí wọn! Ẹ sì rí i, Bàbá wọn fojú ọmọ náà rí màbo. Kì í jẹ́ kó gbé bàálù balẹ̀. Orúkọ Ẹlẹ́ja yẹn gan-an, Bàbá wọn ló sọ ọ́: òun á mú ẹran, á ku ẹja fún ọmọ náà, lójoojúmọ́ ayé. Ṣé ẹ rò pé ó ti gbàgbé? Wọ́n ní ẹni tó bá bá ọ jókòó lọ́jọ́ ìdánwò, òun ni wọ́n máa bi bóyá òun lè bá ọ ṣiṣẹ́. Ẹnu Ẹlẹ́ja layé ọkọ mi há sí.”

“Ẹ wá se oúnjẹ pẹ̀tù sí i nínú.”

“Mo sè é. Ẹ̀san tó fi san fún mi nìyẹn! Ó pààrọ̀ àwo! Ìkà èèyàn, ó pààrọ̀ àwo mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́!” Ó tún bú sẹ́kún.

Sájẹ́ǹtì ti dìde pé kí wọ́n máa lọ mú ìkà èèyàn. Màmá ò dìde. Ó wo obìnrin náà pẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “A óò padà wá.”

*

Ẹlẹ́ja kò sá, kò sì lọ wá lọ́yà. Wọ́n bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wo ògiri.

“Ìwọ nìkan lo wà pẹ̀lú oúnjẹ yẹn!” Sájẹ́ǹtì kò tilẹ̀ kí i.

“Èmi nìkan ni.”

“Ọ̀gá rẹ ń sùn, bàálù ń já, o káwọ́ gbera!”

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, bí mo bá fọwọ́ kan ìdarí bàálù díẹ̀ báyìí, wọ́n ti féèlì nìyẹn. Ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kò ní àtúnṣe. Mo rò pé wọ́n á jí. Mo ń pè wọ́n, ‘Ọ̀gá, Ọ̀gá.’ Bàálù ayédèrú ló ń já, iṣẹ́ wọn ni kì í ṣe ayédèrú. Mo dúró títí bàálù fi já.”

Màmá fa àga, ó jókòó. “Sọ fún mi bí ẹ ṣe jẹun. Díẹ̀díẹ̀.”

“Mo ti abọ́ méjèèjì síwájú wọn. Mo ní, ‘Ọ̀gá, ẹ mú tiyín.’ Wọ́n ní, ‘Rárá o. Ìwọ lo kọ́kọ́ débí, ìwọ lọ̀gá. Mú.’ Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ọkùnrin yẹn, Màmá! Ẹni tí kì í fún èèyàn láyè kó mí! Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.”

“Ìwọ wá mú?”

“Mo mú ẹran.” Ojú tì í. “Ẹ máà bínú. Mo ti jẹ ẹja sú láyé mi.”

Sájẹ́ǹtì ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

“Ta ló gbẹnu sọ fún un kí wọ́n tó pè é wá dánwò?”

Ẹlẹ́ja wolẹ̀. “Èmi ni. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n fi wá jókòó pọ̀. Ẹ má sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n gbéra ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ líle wọn ló sọ mí di èèyàn. Kí n tó wọ sìmúlétọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mo ti sọ fún olùdánwò pé bí wọ́n bá fún mi ní ẹgbàágbèje páílọ́ọ̀tì, ọkùnrin yìí ni màá mú.”

Nínú ọkọ̀, Sájẹ́ǹtì ń họrí. “Bí kì í bá ṣe òun, ta wá ni? Kò sí ẹni tó máa fún ọkọ ara ẹ̀ ní oògùn jẹ.”

“Kò sí,” ni Màmá wí. “Kò fún ọkọ ara ẹ̀.”

*

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Ìlà-Mẹ́rin sílẹ̀ ní ọsibítù, ọkọ̀ ọlọ́pàá ló gbé e délé. Iwájú ló jókòó sí. Sájẹ́ǹtì ló bọ́ sẹ́yìn, ó ń kùn. Ẹlẹ́ja ti wà ní pálọ̀ bí Màmá ṣe ní kó ṣe, ó jókòó sí etí àga, ìyàwó ilé sì kọ̀yìn sí i.

“Màmá wọn,” ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wí, “ẹ bá mi mú abọ́ méjì wá, irú àwọn tọjọ́ yẹn.”

Obìnrin náà gbé wọn wá. Màmá tò wọ́n sórí tábìlì.

“Èwo ni tọkọ yín níbẹ̀?”

“Kò sí tọkọ mi níbẹ̀. Wọn ò kọ orúkọ sí wọn.”

“Èmi náà ò rí orúkọ. Mo bi ọkọ yín, ó ní ohun tó kù lòun jẹ. Mo bi Ẹlẹ́ja, ó ní òun mú èyí tó wu òun. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé wọ́n gba àwo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní wọ́n pààrọ̀ àwo.” Ó fi ìka kan sún abọ́ kan díẹ̀. “Mo ti rò ó títí. Àwo tí kò ní olówó, báwo la ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀? Ẹni tó bá ní wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó ti pín in tẹ́lẹ̀ nínú ọkàn tiẹ̀.”

Màmá sún abọ́ kejì síwájú Ẹlẹ́ja.

“Nínú ilé yìí, ẹran ni ti Bàbá wọn, ẹja ni ti Ẹlẹ́ja. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di orúkọ. Ẹni tó bu egbòogi sí ẹja kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sùn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń bà á lẹ́rù ló fẹ́ kó sùn. Ẹni tó sùn kì í rojọ́ ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni ẹni náà kò rò: pé Ìlà-Mẹ́rin lè sọ pé kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ mú. Kò tíì rí irú ẹ̀ rí.”

Ìlà-Mẹ́rin dìde. Ojú rẹ̀ kò sí lára ìyàwó rẹ̀ rárá. “Màmá, ẹ má dààmú ara yín. Èmi ni mo lo egbòogi náà. Àyà mi ń já. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Sà, bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní fò mọ́.”

“Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́.”

“Ẹ má kọ ọ́!” Ìyàwó rẹ̀ fò dìde, abọ́ kan sì ṣubú lórí tábìlì. “Bàbá wọn, ẹ jókòó. Ẹ má parọ́ nítorí mi. Egbòogi mi ni. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo bù ú sí ọbẹ̀ ẹja. Mo ní kó kàn tòògbé ni, kí wọ́n lé e jáde, kó má baà rí ẹnu sọ̀rọ̀ yín láìdáa.” Ó yíjú sí Ẹlẹ́ja fún ìgbà àkọ́kọ́. “Torí mo mọ ohun tí o máa sọ.”

Màmá ló bá Ẹlẹ́ja dá a lóhùn.

“Ó ti sọ ọ́ kí wọ́n tó wọ sìmúlétọ̀: ó ní ọkọ yín lòun máa mú. Òun náà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é wá dánwò.” Ó yíjú sí Ẹlẹ́ja. “ Ìwọ ni mo ń bi báyìí, ọmọ mi: ìwọ ni wọ́n dìídì se oúnjẹ yẹn fún. Kí lo fẹ́ kí ìjọba ṣe?”

Ìlà-Mẹ́rin wo ọmọ tó ń bá a gbé báàgì. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tó wò ó dáadáa nìyẹn.

“N kò pe ẹjọ́,” ni Ẹlẹ́ja wí. “Mo dúpẹ́ oúnjẹ. Ẹran yẹn dùn.”

“Adájọ́ á gbọ́ pé o ò pe ẹjọ́,” ni Màmá wí, “ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dé àgọ́. Oògùn kọjá ọ̀rọ̀ àárín ilé.” Ó dìde. “Ní ti yín, sà, mo ti bá olùdánwò sọ̀rọ̀. Bí ìyàwó yín bá sọ ohun tó sọ yìí ní àgọ́, wọn ò ní gba ìwé àṣẹ yín. Wọn ò ní ka ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ máa tún ìdánwò ṣe. Wọ́n ní ẹ̀yìn gbogbo àwọn tó ti wà lórí ìlà ni ẹ máa tò sí.”

“Ìsàlẹ̀ náà nìyẹn,” ni Ìlà-Mẹ́rin wí.

“Ìsàlẹ̀ ni.”

Wọ́n jáde. Obìnrin náà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó káwọ́ lé itan, kò wo ẹnikẹ́ni. Sájẹ́ǹtì, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ bí ọkùnrin yìí ṣe ń jókòó, sáré ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un.

Ìlà-Mẹ́rin di ilẹ̀kùn náà mú. Ó wo ìjókòó iwájú, ó wo gíláàsì tí ọ̀nà ti ń hàn kedere. Lẹ́yìn náà ó rọra tì í pa.

Ó yí ọkọ̀ po, ó bọ́ sẹ́yìn, ó sì jókòó ti ìyàwó rẹ̀.